Ìyá Mi, Rímù Ọkọ̀ Ló Dé Orí Odó

Ẹ kú ilé o! Ẹ kú ilé, ẹ̀yin ará ilé wa ní Ìlọrin. Sàláwù àbúrò mi, ìwọ tó ń ka ìwé yìí sétí Ìyá, má tíì kà á síwájú. Pe àwọn ìyàwó ilé jáde ná. Ẹni tó ń rokà, kó sọ ọ́ kalẹ̀. Pa rédíò yẹn. Ẹ sún mọ́ra, ẹ fetí sílẹ̀, torí ẹ̀ẹ̀kan ni mo máa sọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún pè mí lọ́la kó máa bi mí pé kí ni mo wí.

Ìyá mi, mo kúnlẹ̀ fún yín láti Ìwó níbí. Orókún ń dùn mí o, àmọ́ mo kúnlẹ̀. Ṣé ara yín le? Ṣé ẹsẹ̀ òsì yẹn ti fúyẹ́? Mo kí Bàbá Kékeré, mo kí ìyálé ilé, mo kí àwọn ìyàwó àti àwọn ọmọ tó ń kéú lábẹ́ igi máńgòrò. Ọyẹ́ ti mú dé ọ̀dọ̀ wa. Ètè gbogbo wa ti là, òrí la fi ń pa á láàárọ̀ lálẹ́, eruku pupa ò sì jẹ́ kí aṣọ funfun níyì mọ́. Ràfíátù ọmọ mi ló ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù bí mo ṣe ń sọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo bá ti bú u.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ pè mí, ẹ bi mí pé ṣé ọmọ tí mo wá wẹ̀ níbí ò tíì mọ́ ni. Ìyá, mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Òótọ́ lẹ sọ. Ọmọ Ràfíátù ni mo wá wẹ̀, oṣù mẹ́ta ni mo dá. Ọmọ náà ti ń sáré lé ewúrẹ́ kiri báyìí, èmi ṣì wà níbí. Ẹ ní wọ́n ń sọ ọ́ ládùúgbò pé mo ti sọ ilé àna di ilé ọkọ, pé mo jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ ní kí n di ẹrù mi, kí n máa bọ̀. Ìyá mi, mo di ẹrù náà. Ohun tó jẹ́ kí n tú u ni mo fẹ́ rò fún yín.

Ẹ rántí Kàmọ̀rù, ọkọ Ràfíátù. Òun lẹ rí lọ́jọ́ ìdána tí ẹ ní ó ga jù, pé orí rẹ̀ á ba àtẹ́rígbà wa jẹ́. Fọkanáísà ni, ẹ̀gbẹ́ títì ló ti ń lẹ táyà. Nígbà tí wọ́n fẹ ọ̀nà, ibi tó ń pàtẹ sí bá ọ̀nà lọ. Ló bá kó irinṣẹ́ wá sẹ́yìn ilé, ó gba iṣẹ́ mìíràn mọ́ ti táyà. Ẹ mọ irin tí wọ́n ń fi táyà wọ̀ bí ìgbà tí ènìyàn wọ bàtà? Rímù ni wọ́n ń pè é. Ti àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí kì í ṣe irin dúdú bíi ti àtijọ́. Ó funfun, ó ń dán bíi bàǹgù fàdákà, wọ́n ń pè é ní alọ́ì. Àmọ́ tí onímọ́tò bá ti fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ha kọnkéré gọ́tà, á bó, á wá rí jákujàku bí etí igbá tí eku jẹ. Irú ìyẹn ni Kàmọ̀rù ń tún ṣe.

Á fi ọṣẹ àti tínà, omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà, fọ̀ ọ́. Á fi sáńpépà ha ibi tó bó. Ibi tó bá jẹ jinlẹ̀, á fi pọ́tì dí i. Pọ́tì yẹn rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, àmọ́ tó bá gbẹ, ó le ju egungun lọ. Á tún wá ha á títí á fi tẹ́jú. Á gé páálí bísíkíìtì wẹ́wẹ́, á fi há àárín rímù àti táyà yí ká kí ọ̀dà má baà kan táyà. Lẹ́yìn náà ló máa fọ́n ọ̀dà inú agolo sí i, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó gbẹ, kó tún fọ́n. Èyí tó kẹ́yìn dà bí omi lásán, òun ló ń mú un dán. Wàhálà sì wà nínú ìyẹn, torí títí tó fi máa gbẹ, ẹyọ eruku kan ò gbọdọ̀ bà lé e.

Bàbá kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní Bàbá Tíṣà, Onítẹ̀bọmi ni, ó ti fẹ̀yìn tì nídìí tíṣà. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lé búlọ́ọ̀kù nílé, ó kó rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá fún Kàmọ̀rù. Ẹnikẹ́ni ò kó mẹ́rin wá rí, ọ̀kan tàbí méjì la máa ń rí. Bàbá náà ní òun máa wá wò ó lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní tí òun bá ṣì rí ibi tó bó, òun ò ní sọ̀rọ̀, àmọ́ kí Kàmọ̀rù má retí òun mọ́. Tó bá sì dára, gbogbo ọlọ́kọ̀ inú ìjọ àwọn lòun máa júwe ẹ̀yìn ilé wa fún. Kàmọ̀rù ò lè jẹun dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìyá, ẹ mọ̀ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, ilẹ̀ ò mọ́ bá mi lórí ẹní rí. Ẹni tó bá ń gbé ilé àna, ìgbálẹ̀ rẹ̀ ló gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ fún un. Mo bá kírun àárọ̀ tán lọ́jọ́ Àtàláátà, mo mú ìgbálẹ̀. Mi ò mọ̀ pé Kàmọ̀rù ti jí ṣáájú mi, pé ó ti fọ́n omi dídán yẹn sí rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà tí atẹ́gùn ò tíì jí, pé ó tò wọ́n sẹ́yìn ilé kó tó lọ sí mọ́ṣáláṣí. Kò sọ fún mi, èmi náà ò bèèrè. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé kí n máa wọ́n omi sílẹ̀ kí n tó gbálẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Kànga wa ti ń gbẹ, mo ní kí n ṣọ́ omi lò. Mo gbá iwájú, mo gbá ẹ̀gbẹ́, mo gbá ẹ̀yìn. Mo mà gbá a dáadáa o! Ìgbà tí mo nàró, oòrùn ti yọ, mo rí eruku tó dúró sókè bí èéfín, tó ń sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo wo ibi tó ń sọ̀ sí.

Rímù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di móínmóín tó bọ́ sínú yanrìn. Ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tilẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọ̀kan, ó nà gbalaja síbẹ̀ bí ẹni tó sùn.

Ràfíátù jáde, ó kígbe pé Màámi, kí lẹ ṣe yìí, ṣé ẹ ò lójú ni. Bẹ́ẹ̀ ló wí fún mi o, èmi tí mo bí i. Tẹ̀ ẹ́, Ràfíátù, má fò ó. Kàmọ̀rù dé, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ọ̀kan, ó wo èkejì, ó wo ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kò bú mi. Ó ní Màmá, ẹ kú iṣẹ́. Ìyá, ẹ kú iṣẹ́ yẹn dùn mí ju èébú lọ.

Ni mo bá wọlé, mo di ẹrù. Mo rántí ọ̀rọ̀ yín, mo ní àwọn ará àdúgbò ò jẹ̀bi pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi. Mo wé gèlè, mo gbé báàgì lọ́wọ́, mo ní kí n lọ dágbére fún un lẹ́yìn ilé. Ó ti ń ha gbogbo ọ̀dà yẹn kúrò. Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú mi ò jẹ́. Oòrùn àárọ̀ gba ojú rímù kọjá, mo rí i tí ìmọ́lẹ̀ ṣẹ́ níbì kan. Mo ní Kàmọ̀rù, ibẹ̀ yẹn wú. Ó ní rárá Màmá, ó ti tẹ́jú. Mo ní ó wú. Ó fojú wò ó títí, ó ní òun ò rí nǹkan kan.

Ìyá, ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi ìborùn yín dì mí lójú ní kékeré, tí ẹ máa ní kí n wá ibi tí ìkòkò tí ẹ mọ ti wú? Tí mo bá ṣì í, ẹ máa fi òkúta tí ẹ fi ń dán ìkòkò kàn mí lórí kó. Ẹ máa ní ojú ń tanni, ìka kì í tanni. Mo gbé báàgì kalẹ̀. Mo di ojú. Mo fi àtàǹpàkò gba etí rímù náà lọ jẹ́jẹ́. Ìka mi dúró, mo ní ibí. Kàmọ̀rù fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. Mo tún lọ, mo ní ibí. Kí n tó yí i ká tán, àmì ti di mẹ́fà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ ọ wò. Ó wo ọwọ́ mi, ó wo báàgì mi. Ó ní Màmá, tí ẹ bá ń lọ sí Ìlọrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọwọ́ yẹn sílẹ̀ fún mi.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó mọ̀. Ràfíátù náà rẹ́rìn-ín, ló bá bú sẹ́kún, ó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Mo dárí jì í. Tẹ ìyẹn náà.

Mo ní kí wọ́n dojú odó délẹ̀, kí wọ́n gbé rímù lé e lórí. Wọ́n ní kí ni odó fẹ́ fi rímù ṣe. Mo ní kí wọ́n máa wò mí. Mo ri sáńpépà bọmi, mo bẹ̀rẹ̀, mo ń fẹ̀yìn rìn yí i ká, bí a ṣe máa ń yí ìkòkò ká lórí odó nígbà tí a bá ń mọ ọ́n. Ìyá Sùlíà tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa yọjú lórí ọgbà, ó ní Ìyá Ìlọrin, ta ló ń lù ú tí ẹ fi ń jó. Mo ní kó wá gbè é fún mi. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe é. Nígbà tí ó tó àkókò láti fọ́n ọ̀dà, èmi tí mo gbá ilẹ̀ gbígbẹ, èmi náà ni mo wọ́n omi sí gbogbo ẹ̀yìn ilé títí eruku fi gbàgbé pé òun lè fò. Mo yọ nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn mi, a ta á sórí ọ̀pá mẹ́rin, a fi bo rímù. Ẹ̀fọn jẹ mí, àmọ́ eruku ò jẹ rímù.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àna mi tí kò bú mi. Ẹ̀yin ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín jù, Ìyá. Ọjọ́ tí ike gba ọjà lọ́wọ́ ìkòkò, mo rò pé gbogbo ohun tí ẹ kọ́ mi ti di àfọ́kù. Àṣé ó wà lọ́wọ́ mi, èmi ni mi ò wá a.

Mi ò ní parọ́ fún yín, àárò ilé ń sọ mí. Tí mo bá dárúkọ òkú ilé wa níbí, mo gbọdọ̀ kọ́kọ́ sọ ẹni tó jẹ́. Mo sì mọ̀ pé kì í ṣe torí ẹnu ayé nìkan lẹ fi ní kí n máa bọ̀. Ẹ̀yin náà fẹ́ rí mi, ẹ kàn ń fi ará àdúgbò sọ̀rọ̀ ni. Torí náà, mo ní nǹkan kan tí mo fi rán dírẹ́bà ọkọ̀ Ìlọrin sí yín, ó wà nínú ẹ̀wù òtútù tí Kàmọ̀rù rà fún yín. Ọmọrí kékeré tó máa ń wà láàárín rímù ni. Ó ti fọ́ etí, ẹni tó ni ín ti sọ ọ́ nù, èmi nìkan ni mo dí i, mo ha á, mo kùn ún. Ojú yín ti ń ṣe bàìbàì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò yín gbà á lọ. Tí ẹ bá rí ibi tó wú, ẹ ní kí Sàláwù pè mí, màá di ẹrù mi, màá sì bá ọkọ̀ àkọ́kọ́ wálé, mi ò ní jiyàn. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ jẹ́ kí n dúró níbi iṣẹ́ mi. Iléyá ni màá wá kí yín, màá sì padà.

Hóònù nìyẹn. Ràfíátù, ta ni? Ó ní Bàbá Tíṣà ti dé. Ìyá, ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé yìí. Bàbá ti bẹ̀rẹ̀. Ó wo ọ̀kan, ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó tún wò ó. Ó ń yí ìkejì ká. Ó ní èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló bó jù. Kàmọ̀rù ní òun náà ò mọ̀ ọ́n mọ́, pé kí wọ́n lọ pe ọ̀gá wá.

Èmi ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àgbà àti ọmọdé. Ọlọ́hun á fi ẹ̀mí yín gùn, á jẹ́ kí ẹsẹ̀ yẹn fúyẹ́, á jẹ́ kí a fojú kan ara wa láyọ̀. Mò ń bọ̀ o, Kàmọ̀rù, jẹ́ kí n fọwọ́!

Ọmọ yín,
Àwáwù