Ọ̀wẹ̀ Lẹ́sẹ̀ Òkè Shooters Hill

Dádì mi, ẹni tí mo jọ títí dé iwájú orí,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín o. Mo ń dúró kí Yorùbá mi kọ́kọ́ le díẹ̀ ni. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni mò ń lọ sí kíláàsì tí ṣọ́ọ̀ṣì wa dá sílẹ̀ ní Woolwich, èmi àti àwọn ọmọdé tí kò ga ju ìbàdí mi lọ. Bí mo bá ń kàwé sókè, wọ́n á máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Èwo nínú wọn ló lè kọ odidi lẹ́tà báyìí?

Ìròyìn pọ̀, ṣùgbọ́n ti oko yín lẹ́sẹ̀ òkè Shooters Hill ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ. Díẹ̀ ló kù kó bọ́ lọ́wọ́ wa.

Láti ìgbà tí a ti gbé yín lọ sílé, kò sẹ́ni tó débẹ̀ mọ́. Òjò rọ̀, koríko gba gbogbo ilẹ̀, igi ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń so èso dúdú yẹn sì fo ọgbà kọjá, ó bo ilé pákó tí ẹ ń kó ọkọ́ sí mọ́lẹ̀. Ìyá òyìnbó tó jẹ́ alága àwọn tó ń háyà ilẹ̀ oko níbẹ̀ wá bá wa ní Thamesmead. Ó fara balẹ̀ ṣàlàyé fún Mọ́mì pé bí ilẹ̀ náà kò bá mọ́ kí oṣù tó parí, àwọn yóò gbé e fún ẹlòmíì, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń dúró de ilẹ̀. Mọ́mì ní kò burú. Nígbà tó tilẹ̀kùn tán, ó kọjú sí mi.

"Jẹ́ kí wọ́n mú un. Àwọn arúgbó tí mò ń gbé sókè gbé sílẹ̀ níbi iṣẹ́ ti tó mi. Ṣé èmi ni màá tún wá máa roko ní ìlú òyìnbó?"

Dádì, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ìjẹ̀bú ni sàréè yín wà. Ní gbogbo Lọ́ńdọ̀nù, ilẹ̀ yẹn nìkan ni mo lè dúró lé lórí kí n sọ pé ọwọ́ Dádì mi ló tú u. Mo wọ bọ́ọ̀sì, mo lọ dá kojú ẹ̀. Ẹ̀gún fa jákẹ́ẹ̀tì mi ya. Nígbà tí oòrùn fi yẹ àtàrí, ibi tí mo ṣán kò ju ibi tí èèyàn lè tẹ́ ẹní sí.

Áńkù Brendan ń wò mí láti orí báàkẹ́tì tó dojú rẹ̀ dé. Ẹ rántí rẹ̀, ará Áyálándì tó ni ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tiyín. Orúnkún ti ń dà á láàmú, ọ̀pá ló fi ń rìn báyìí.

"Ọmọ Táyọ̀," ó ní, "ilẹ̀ kọ́ lò ń ro yẹn o. Ìjà lò ń bá a jà, òun ló sì ń borí."

Mo lọ jókòó tì í, ó bu tíì fún mi. Ibẹ̀ ni mo ti rántí iṣẹ́ tí tíṣà ìtàn wa gbé fún wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kálukú ní láti kọ nípa orílẹ̀-èdè kan lọ́dún tó tẹ̀lé òpin Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ká orúkọ wọn sínú fìlà, ó ní ká máa mú. Mo ń gbàdúrà kí n mú Nàìjíríà, Áyálándì ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Ó ká mi lára. Àwọn tí kò tilẹ̀ bá wọn jagun, kí ni mo fẹ́ kọ nípa wọn? Mo bi Áńkù Brendan bóyá nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nílé wọn lọ́dún náà.

"Nǹkan kan kẹ̀? Ogun tí a kò jà ló fẹ́ fi ebi pa wá!"

Ọmọdé tó ń lé ẹyẹ lóko bàbá rẹ̀ ni nígbà yẹn. Ogun ti parí, síbẹ̀ ńṣe ni wọ́n ṣì ń wọn tíì fún wọn. Òjò wá bẹ̀rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó kọ̀, kò dá. Àlìkámà gbogbo ìlú dúró sóko, ó fẹ́ jẹrà. Ìjọba bá kígbe sórí rédíò pé kí àwọn ará ìgboro jáde wá ran àgbẹ̀ lọ́wọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní sí búrẹ́dì. Wọ́n sì jáde! Akọ̀wé ọ́fíìsì, akẹ́kọ̀ọ́, ọmọge tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù, sójà, gbogbo wọn rọ́ sínú lọ́rì láti Dublin. Ẹlòmíràn so táì mọ́rùn wá sóko. Àṣekágbá bọ́ọ̀lù tó tóbi jù nílẹ̀ wọn, ńṣe ni wọ́n sún un síwájú nítorí ìkórè. Bọ́ọ̀lù o! Dádì, kí ni ìbá mú ẹ̀yin sún bọ́ọ̀lù síwájú?

Ṣùgbọ́n nígbà tí lọ́rì dúró lẹ́nu ọ̀nà bàbá Áńkù Brendan, bàbá náà lé wọn. Ó ní òun kò tíì di alágbe. Lọ́rì lọ. Ọjọ́ kejì ni òjò tẹ́ oko kan tó wà létí odò mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Ìyá rẹ̀ kò bá ọkọ jiyàn. Ó da ìborùn bo orí, ó gun kẹ̀kẹ́ lé àwọn ará ìgboro dé abúlé kejì, ó sì kó wọn bọ̀. Ìkòkò ilé kéré fún oúnjẹ wọn, ni ó bá fọ ìkòkò tó fi ń se oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀, ó se ọ̀dùnkún sínú rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀wẹ̀ nìyẹn."

"Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Mo sọ ohun tí ẹ sọ fún mi nípa oko Bàbá Àgbà fún un, bí wọ́n ṣe máa ń ké sí àwọn ọ̀dọ́ abúlé, tí iṣẹ́ oṣù kan á parí lọ́jọ́ kan, tí onílé á sì bọ́ gbogbo wọn yó. Ó lu ọ̀pá mọ́lẹ̀.

"Ẹ tilẹ̀ ní orúkọ fún un! Kí ni ìwọ wá ń dá jà fún?"

Mọ́mì ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo délé. Mo ní ká bẹ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wẹ̀.

"Láéláé! Kí wọ́n lè sọ pé ọkọ mi kú, mo ti ń tọrọ? Mi ò ṣe."

Mo sọ ìtàn náà fún un látòkèdélẹ̀, ní Yorùbá. Níbi tí mo bá ti ṣì í sọ, ó ń tún un ṣe fún mi.

"Ìkòkò ẹlẹ́dẹ̀ kẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé áyọ̀ọ̀nù sílẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó bi mí. "Obìnrin náà gun kẹ̀kẹ́ lé wọn?"

"Ó gun kẹ̀kẹ́ lé wọn, mà."

Ó tún gbé áyọ̀ọ̀nù. Ó ń lọ aṣọ rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Sunday, nígbà ìkéde, mo kàn rí i tó dìde nínú aṣọ funfun rẹ̀. "Ẹ̀yin ará, mo wá bẹ̀ yín lọ́wẹ̀ ni. Oko ọkọ mi ni."

Bàbá Alàgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ẹnì kan kò tíì bẹ̀ mí lọ́wẹ̀ rí. Mo ti rò pé mo ti di òyìnbó! Oúnjẹ ńkọ́?"

"Oúnjẹ wà, Bàbá."

"Ó parí."

Wọ́n wá o! Áńtí kan wọ bàtà gogoro tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ní Powis Street. "Wọ́n ní gádìnì, mo rò pé òdòdó la fẹ́ wò!" Ó bọ́ bàtà, ó ká aṣọ sókè. Áńkù Brendan jókòó sórí báàkẹ́tì bí ọ̀gá sójà, ó ń fi ọ̀pá júwe ibi tí gbòǹgbò wà. Òjò dé, kò sẹ́ni tó sá. Mọ́mì bu ìrẹsì àti ẹja díndín fún Áńkù Brendan. Ata mú omi jáde lójú rẹ̀, ó na àwo padà pé kí wọ́n tún bu sí i. Mo kọ gbogbo ọdún Áyálándì náà fún tíṣà mi lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀wẹ̀ ni mo sì pè é nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wọn kò bá mọ̀ ọ́n, kí wọ́n bi mí.

Nígbà tí a ṣán oko náà mọ́ tán, ìyá alága dé. Ó wò yíká, ó rẹ́rìn-ín, ó ní orúkọ ta ni kí òun kọ sí ilẹ̀ náà báyìí. Gbogbo èèyàn wò mí. Mo ti la ẹnu.

"Tèmi ni," Mọ́mì wí. Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé.

Ṣé ẹ̀yin mọ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀? Ó ti gbin ẹ̀wà kún ibẹ̀, Dádì, láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Mo ní ẹ̀yin kì í gbin ẹ̀wà. Ó ní ta ló bi mí, ilẹ̀ òun ni.

Èmi ni, ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín lónìí ju àná lọ.