Eyín Òkè Nìkan fún Fọ́tò Ìyá Àgbà

Thoa, ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé ara le, ṣé o ń rí ìrẹsì jẹ yó ní ìlú tí o wà lónìí, torí a ò mọ èyí tí o wà mọ́, lánàá Huế, lónìí Hà Nội, ọ̀la ò yé wa. Kí àwọn baba ńlá wa máa bá ẹ rìn, kó má rẹ̀ wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrìn rẹ ti yá jù fún àgbàlagbà.

Àwa náà wà níbí. Ìyá rẹ kí ẹ, ó ní ṣé o ń wọ ìbọ̀sẹ̀ sùn. Abo ẹlẹ́dẹ̀ wa ti bímọ, odò kún wọ oko ìrẹsì díẹ̀, ó sì ti padà sí ilé ẹ̀. Ìyá Nhẫn, aládùúgbò wa, ṣì ń bá wa jà lórí ẹ̀ka máńgòrò wa tó yọ sí àgbàlá ẹ̀. Inú ìwé ni mo kọ èyí sí, mi ò pè ẹ́ lórí fóònù, torí bí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù gbogbo ilé ló ń gbọ́, ohun tí mo sì fẹ́ sọ ò gbọ́dọ̀ dé etí ìyá mi, ìyá àgbà rẹ. Ka ìwé yìí dópin, wàá rí ìdí ẹ̀.

Gbogbo fọ́tò ìlú tí ò ń fi ránṣẹ́ là ń rí. Ìyá rẹ bi mí pé kí ló dé tí kì í sí èèyàn nínú wọn, ó ní àbí tí o bá ti wọ̀lú ni wọ́n máa ń sá. Mo ní rárá, wọ́n á ti lọ sóko ni. O tún ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń tẹ̀ lé ẹ nínú fóònù, ìyá rẹ fẹ́ mọ ẹni tó ń dáná fún wọn. Èyí tó ya èmi lẹ́nu jù ni ti ògiri tó lanu ní Hà Nội, tí o ní gbogbo wọn fẹ́ràn. Irú ògiri yẹn wà lẹ́yìn ilé ẹlẹ́dẹ̀ wa níbí. Ká ní o ti sọ fún mi ni, mi ò ní fi sìmẹ́ǹtì dí i.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni fọ́tò tìrẹ, èyí tí o ya ara rẹ nínú dígí ṣọ́ọ̀bù, aláwọ̀ dúdú àti funfun. Inú ìyá rẹ dùn pé òun rí ojú ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́jà, ó fi í sínú férémù, ó kan ìṣó, ó sì gbé ẹ kọ́ sókè pẹpẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò bàbá àgbà àti ti àwọn òkú ilé wa yòókù, torí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé jù. Kò ro nǹkan kan sí i. Ìyá Nhẫn wá yá ajọ̀, ó gbójú sókè, ó rí ẹ, ló bá figbe ta. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, àwọn ará abúlé ti kún ilé wa, pẹ̀lú tùràrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ìyá Nhẫn yìí ló sunkún ju gbogbo wọn lọ, ó ní ọmọ dáadáa ni ẹ́, ó ní ká fi máńgòrò náà sílẹ̀, kí ni ẹ̀ka igi já mọ́. Mò ń sọ fún wọn pé o wà láàyè, Hà Nội lo wà, wọ́n ń dì mí lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí n ṣọkàn akin. Ìgbà tí o pè láti béèrè bóyá ẹlẹ́dẹ̀ ti bímọ ni wọ́n tó gbà, inú sì bí àwọn kan díẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà dùn. Ìyá Nhẫn ti padà sórí ọ̀rọ̀ máńgòrò.

Ìyá àgbà nìkan ni ò sunkún. Inú ló bí wọn. Wọ́n jókòó síwájú pẹpẹ, wọ́n ń wò ẹ́, wọ́n ní, “Èmi ló kàn. Ta ló ní kí ọmọ yìí gba iwájú mi kọjá?” Wọ́n ní kí ìyá rẹ gbé ẹ kúrò níbẹ̀ ṣùgbọ́n kó fi ìṣó sílẹ̀, àwọn ló ni ín. Ìyá rẹ fẹ́ kọ́ kàlẹ́ńdà sórí ìṣó náà, wọ́n yarí. Wọ́n ní àwọn ò ní fọ́tò kan ṣoṣo, ọmọ ọmọ àwọn sì ń ya gbogbo ayé. Òótọ́ ni. O rántí ọdún tuntun tí o fẹ́ ya àwa mẹ́ta pọ̀, tí kò sẹ́ni tó gbà láti dúró láàárín, torí ẹni tó bá wà láàárín mẹ́ta nínú fọ́tò ló máa ń kọ́kọ́ kú. A ti ara wa síbí, a ti ara wa sọ́hùn-ún títí ilẹ̀ fi ṣú, lo bá ya ajá. Fọ́tò ajá náà dáa.

Mo wá gbé wọn lọ sọ́dọ̀ Quýnh, onífọ́tò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ọkùnrin yìí ò jẹ́ kí wọ́n wọ áo dài, aṣọ òde wọn gígùn aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ká sínú àpò wá, ó ní ojú nìkan lòun nílò. Mo rò pé ó fẹ́ dín owó kù fún wa ni. Ìgbà tí a lọ gbà á, orí ni ti ìyá mi, àtọrùn dé ìsàlẹ̀ ni ti obìnrin mìíràn, ó sanra, ó wọ aṣọ aláwọ̀ wúrà, ó sì kó ìlẹ̀kẹ̀ sọ́rùn. Mo bi í níbi tó ti rí ara náà, ó ní inú kọ̀ǹpútà ni, ó ní ara kan náà lòun ń lò fún gbogbo àwọn ìyá arúgbó agbègbè yìí. Ìyá àgbà wò ó títí. Wọ́n ní, “Lọ́jọ́ ìrántí mi, tí ẹ bá gbé adìẹ síwájú fọ́tò yìí, ẹnu mi ni yóò jẹ ẹ́, ikùn obìnrin yìí ni yóò lọ.” Mò ń ro gbogbo adìẹ tí abúlé wa ti ń sè láti ọjọ́ yìí wá, obìnrin kan ṣoṣo ló ń kó gbogbo ẹ̀ jẹ. Abájọ tó fi sanra.

Ní báyìí, ìwọ ni wọ́n ń dúró dè. Tí wọ́n bá ti gbúròó alùpùpù lójú ọ̀nà, wọ́n á wọ áo dài náà, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè. Ẹlẹ́ja ti bá wọn bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń wá wo mítà iná ti bá wọn bẹ́ẹ̀. Mo fi fọ́tò ògiri Hà Nội hàn wọ́n kí wọ́n lè ní sùúrù, wọ́n ní kí n bi ẹ́: “Ṣé ojú tèmi ò tíì lanu tó ti ògiri ni?” Lóṣù tó kọjá wọ́n ṣubú lẹ́bàá kànga, a ò sọ fún ẹ. Wọ́n dìde fúnra wọn o, ṣùgbọ́n oúnjẹ wọn ti dín kù, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Ó wá ku ti owó. Wọ́n ní àwọn ò ní máa wò wá látorí ògiri láìní eyín, kí àwọn ọmọdé má baà máa fi àwọn rẹ́rìn-ín tí wọ́n bá wá tan tùràrí. Eyín àtọwọ́dá ni wọ́n fẹ́, tòkè tìsàlẹ̀. Jọ̀ọ́, owó eyín òkè nìkan ni kó o fi ránṣẹ́. Ti ìsàlẹ̀, sọ fún wọn pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Má sì fi í gba báǹkì, torí ọmọbìnrin báǹkì ní kí n gbé ojú síwájú fóònù kó lè dá mi mọ̀, fóònù ní òun ò mọ̀ mí rí, fóònù tí mò ń gbé sápò láti ọjọ́ tí o ti rà á fún mi. Fi rán awakọ̀ bọ́ọ̀sì, ó mọ̀ mí.

Kí ìwọ náà sì wá, kó o tètè wá. Ohun tí mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nìyí. Mo mọ ìyá mi. Lọ́jọ́ tí fọ́tò náà bá dáa, tí ó sì dé orí ìṣó, wọ́n á ní gbogbo nǹkan àwọn ti pé, wọ́n á sì máa lọ. Mi ò tíì ṣe tán. Torí náà mo bẹ̀ ẹ́, ìwọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọ̀gá onífọ́tò, tó o bá dé, yà á kó bàjẹ́. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbọ̀n, gé orí wọn kúrò nínú fọ́tò. Wọ́n á bú ẹ, wọ́n á ní irú ọmọ wo lèyí, wọ́n á ní o gbọ́dọ̀ padà wá lásìkò ìkórè wá tún un yà. Kó o padà wá. Kó o tún bà á jẹ́.

Kí ọ̀nà là fún ẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ, kí ọwọ́ rẹ máa mọ iṣẹ́ ní gbogbo ìlú tó o bá wọ̀, àfi ní ilé yìí.

Èmi ni bàbá rẹ,
Khoát