Ebè Tí Wọ́n Kọ Nítorí Mi

Bàbá mi, Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú àárò mi, ẹ kú ojú lọ́nà. Láti Sáríà níhìn-ín ni mo ti kúnlẹ̀ kí yín ní ìkíni ilé wa, okun o. Mo kí Ìyá Àgbà, mo kí ẹ̀gbọ́n mi Ayọ̀, mo kí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ tuntun tí n kò tíì fojú rí. Ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni lẹ́tà mi gbà wọlé lọ́tẹ̀ yìí. Ayọ̀ ni ó fà á. Òun ni ó ń ka lẹ́tà mi fún yín, ẹ kò sì mọ̀ pé bí ó bá dé ibi tí kò wù ú, ńṣe ni ó máa ń fò ó. Mo bi í nígbà tí mo wálé, ó rẹ́rìn-ín, ó ní àlàáfíà ilé ni òun ń wá. Tí gbogbo Kabba bá ti rí i kà, ó di dandan kí ó kà á tán. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti dé etí odò, ó ti dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú yàrá mọ́.

Ọyẹ́ ibí yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ tiwa. Ó la ètè mi, ó la gìgísẹ̀ mi, òrí tí Ìyá dì fún mi sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Túwó ni à ń jẹ lọ́sàn-án, túwó náà ni lálẹ́. Kò burú, ṣùgbọ́n iyán ilé ń pè mí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí mi mọ́, ìjọba ń bọ́ mi, ó sì ń fún mi ní ìwé. Ẹ fi ra awò ojú fún Ìyá, kí wọ́n yé fẹjú wá òwú ní ìdí òfì.

Èmi nìkan ni obìnrin láàárín àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé iṣẹ́ irin, òyìnbó tí ń kọ́ wa bi mí bóyá ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá wò. Mo ní rárá o, iṣẹ́ ni mo wá ṣe. Ó wò mí títí, ó wá fún mi ní ayùn ìgérin. Mo gé irin náà ní wọ́gọwọ̀gọ. Ó tún fún mi ní òmíràn, títí tí ó fi gún. Ìyá Alágbẹ̀dẹ ni àwọn ẹgbẹ́ mi ń pè mí, ṣùgbọ́n tí ó bá di ọjọ́ wíwọn ilẹ̀, wọ́n a máa du ẹni tí yóò bá mi ṣe é, torí wọ́n mọ̀ pé n kì í ṣi ìṣirò ṣe.

Ìyá, òótọ́ ni ohun tí ẹ rí nínú fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́, ṣòkòtò ni. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ìró lówó lórí, ohun tó bá sún mọ́ ọn ló ń fà. Inú ilé àwọn obìnrin tí ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ni mo ń gbé. Wọ́n ń ṣe mí dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè bá sọ ọ̀rọ̀ afárá. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń le jù, nígbà tí wọ́n bá kó ara wọn lọ sọ́jà, tí ó wá ku èmi àti ṣòkòtò ẹlẹ́rọ tí mo ń fọ̀. Mo máa ń sunkún díẹ̀, n ó wá lọ sá aṣọ mi.

Ó wá kan ibi tí Ayọ̀ ì bá fò.

Ó kọ̀wé sí mi pé Dáfídì, ọmọ ọ̀rẹ́ Bàbá, tún kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí oko yín ní ìparí òjò, wọ́n sì kọ ebè títí dé etí igbó. Ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Mo mọ àṣà wa. Ẹni tó ń fẹ́ ọmọ ẹni a máa wá ṣe ọ̀wẹ̀ fún bàbá ọmọ, bàbá tó bá sì jẹ iṣu ebè náà, ó ti gbà. Àwọn ará ilé Dáfídì ní kí n wálé wá ṣe ìgbéyàwó ní Àjíǹde, ẹ sì ti sọ pé ẹ ó fèsì kó tó dìgbà náà. Ọdún méjì ló kù fún mi níbí. Tí mo bá kúrò, àyè mi ti lọ nìyẹn, kì í sì í ṣe obìnrin ni wọn yóò fi rọ́pò mi.

Bàbá, n kò bínú sí yín. Mo mọ̀ pé ẹ kì í jẹ òógùn ẹlòmíràn kí ẹ sì ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Dáfídì náà kò ṣẹ̀ mí. Òun ló ru àpótí mi dé ìdí ọkọ̀ lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀, kò sì sọ ju pé kí n máa jẹun. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ayọ̀, ka ibẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kó jẹ́ ebè ni yóò mú mi délé ọkọ.

Ohun tí mo rò nìyí. Ọ̀wẹ̀ àna kì í ní ìdápadà, ṣùgbọ́n àáró ní in: ẹni tó bá ọ ro oko, ìwọ náà yóò ro tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ di àáró. Nínú ìsinmi gígùn, kí òjò tó dá, èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi méjì, ará Ògìdì kan àti ará Ìsánlú kan, yóò wá kọ ebè sí oko bàbá Dáfídì. Ará Ìsánlú kọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní nítorí ọkọ́ gan-an ni òun ṣe sá wá sílé ìwé. Ìgbà tó yá, ó ní òun yóò wá bí iyán bá wà. Mo ti fi iyán Ìyá ṣe ìlérí, ẹ foríjì mí.

Mo mọ̀ pé obìnrin kì í kọ ebè nílẹ̀ wa. N kò sì ní jókòó sábẹ́ igi kí n máa wò wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ti yi. Lẹ́yìn ìyẹn, bí Dáfídì bá ṣì dúró títí n ó fi kàwé tán, èmi ló dúró dè. Bí kò bá sì dúró, n ó sunkún, n ó sì gbàdúrà fún un.

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní ọmọbìnrin tó mọ ìṣirò, àyè wà níbí. Wọ́n ń wá ẹni tí yóò ṣe títì àti afárá sórí ilẹ̀ wa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ ebè nítorí ọmọ kí ó tó kàwé rẹ̀ tán.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ, ẹsẹ̀ yín kò ní kọ̀ ní oko. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ẹ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ kí Dáfídì dáadáa.

Bàbá, bí ẹ bá gbà, ẹ má ṣe wàhálà èsì gígùn. Ẹ kàn ní kí alágbẹ̀dẹ rọ ọkọ́ kan fún mi, kí Ayọ̀ kọ̀wé pé ó ti wà nílé. Kó má ṣe jẹ́ kékeré.

Èmi ni ọmọ yín,
Rúùtù