Ibi Tí Alága Ti Gbà Kí A Jẹun

                                        Yàrá Ẹ̀yìn, Òkè Kẹta,
                                        Ilé Tí Kò Ní Síńkì,
                                        Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ọ̀sán.

Ẹ̀rín-ò-tán, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá rẹ ńkọ́? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń jẹ́ kí wọ́n gun àtẹ̀gùn? Ẹ̀gbọ́n rẹ tó ń kọ́ mọ́tò wíwà ńkọ́, ṣé kò tíì kọ lu ẹnikẹ́ni? Ajá yín ńkọ́? Àní ajá pàápàá ni mò ń béèrè, kí o lè mọ bí àárò ilé yín ṣe ń sọ mí tó. Tí o bá béèrè tèmi, mo wà láàyè. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tí o bá sì rí i tí ọwọ́ ìkọ̀wé mi ń fò sókè sódò, kì í ṣe ibà ló ń ṣe mí, tábìlì tí mo gbé ìwé lé ló ń gbọ̀n. Wàá mọ ìdí ẹ̀ kí o tó kà á tán.

Mo mọ̀ pé o ti ń retí mi. Mo mọ̀ pé pẹ̀lú ẹnu rẹ yẹn, o ti sọ fún gbogbo kíláàsì pé Fajúro ń padà bọ̀. Ẹ̀gbọ́n màmá mi náà ti ránṣẹ́ pé àwọn ti ń palẹ̀ yàrá ẹ̀yìn mọ́ fún mi. Jọ̀ọ́, fara balẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá kọ́kọ́ sọ ìparí ẹ̀, ṣe lo máa fa ìwé yìí ya.

Ọjọ́ tí a kó dé ìlú yìí ni onílé mú plọ́ḿbà wá kó tún ilé ìdáná ṣe. Plọ́ḿbà yọ síńkì, ó gbé e há abíyá bí ẹni gbé ọmọ ewúrẹ́, ó ní òun ń bọ̀. “Mò ń bọ̀” yẹn náà la ń fẹnu jẹ títí di òní. Kò sí omi, onílé sì ti ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dáná síbẹ̀ títí iṣẹ́ á fi parí. Nítorí náà, ní ìrọ̀lẹ́, tí bàbá mi bá ti dé láti ibi tí wọ́n ti ń jó irin ọkọ̀ ojú omi, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á tú síta, à ń wá ilé oúnjẹ kiri bí ẹni wá ewúrẹ́ tó sọnù. Bàbá mi, màmá mi, èmi, àti Alága.

O ò tíì rí Alága láti ìgbà tó ti dàgbà. Àbúrò mi náà ni. Bàbá mi ló fún un lórúkọ yẹn, torí pé tó bá ti lanu báyìí, ìpàdé oníkálukú parí nìyẹn. Ọmọ oṣù márùn-ún, kò ní eyín kan ṣoṣo lẹ́nu, àmọ́ kò sí àgbàlagbà tó lè bá a jiyàn. Èmi nìkan ni mo dá wà nílé fún ọdún mẹ́rìnlá, mo ń jẹun mi ní ìrọwọ́rọsẹ̀. Ta ló rán wọn níṣẹ́?

Ilé oúnjẹ tó wà ní ìkángun òpópónà wa la kọ́kọ́ lọ. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ so táì mọ́rùn bí ẹni ń lọ jẹ́rìí ní kóòtù. Kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, ṣíbí gan-an ò gbọdọ̀ kan abọ́. Màmá mi ní, “Ibí pa rọ́rọ́, Alága á sùn.” A jókòó. Alága wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo àjà, ó wá lanu. Ọ̀rẹ́ mi, igbe tó ké! Bàbá arúgbó kan tó ń ka ìwé ìròyìn sọ ìwé kalẹ̀, wọ́n pe alátáì. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà tiwa yìí, ṣe ni wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn gbé orí ọmọ tuntun síta. Alátáì dé, ó tẹrí ba, ó ní, “Ẹ má bínú, a ti bá yín di oúnjẹ yín.” Ta ló ní kó dì í? Orí àtẹ̀gùn ilé wa la ti jẹ ẹ́, ó ti tutù, ọbẹ̀ sì dà sí bàtà mi. Bàtà tí o bá mi yàn o.

Ìkejì lẹ́wà ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n ní ẹja tó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú gíláàsì. Mo rò pé Alága á jókòó wo ẹja. Ó wò wọ́n lóòótọ́. Bí a bá ń sunkún à á máa ríran: ó ń sunkún, ó ń wo ẹja, ó sì ń fi ẹsẹ̀ gbá ìrẹsì bàbá mi dànù, gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìkẹta ni èyí tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ẹ̀ pé àyè wà fún abiyamọ. Inú màmá mi dùn débi pé wọ́n fẹ́ fò. A bá àwọn ìyá níbẹ̀, wọ́n ti tẹ́ ọmọ wọn sùn, wọ́n ń jẹun jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Alága wọlé, ó jí gbogbo wọn pátá bí àkùkọ ṣe ń jí ará ilé. Ọmọ tí kò sunkún níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú ìyá ẹ̀ ló ṣì wà.

Nígbà tí à ń padà bọ̀ ni inú mi wá ru. Mo ní ìlú yìí ò fẹ́ wa, ilé oúnjẹ gan-an ò fẹ́ wa, kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ sílé. Lójú títì ni mo ti sọ ọ́, ohùn mi sì ròkè. O mọ̀ pé bàbá mi kì í pariwo. Wọ́n dúró, wọ́n gbé báàgì Alága láti èjìká kan bọ́ sí ìkejì, wọ́n ní, “Ó dáa. Kí plọ́ḿbà tó dá síńkì padà, tí kò bá sí ibì kan ṣoṣo nínú ìlú yìí tí àwa mẹ́rin ti lè jókòó jẹun tán, èmi fúnra mi ni màá mú ẹ wọ bọ́ọ̀sì.” Màmá mi ní, “Bàbá Alága, ẹ má fi ọmọ ta tẹ́tẹ́ o!” Bàbá mi ti ń lọ níwájú. Ìwọ náà mọ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ wọn dà bí irin tí wọ́n bá ti jó pọ̀, kò ṣeé tú.

Ọjọ́ kejì ni mo kọ lẹ́tà ìjọsí sí ọ pé mò ń bọ̀. Láti ìgbà náà, tí Alága bá ti lanu, inú mi á dùn. Tí a bá wọ ilé oúnjẹ tuntun, èmi ni mo máa ń sáré yan tábìlì tó wà láàárín gbùngbùn, níbi tí gbogbo èèyàn ti máa gbọ́ ọ dáadáa. Má fi ojú burúkú wò mí. Ilé ló ń wù mí.

Ọjọ́rú ni nǹkan wá dojú rú. Màmá mi ní kí n gbé Alága jáde kí àwọn lè rí oorun díẹ̀ sùn, kí n sì ra búrẹ́dì bọ̀. Mò ń tì í lọ nínú kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó ń ké, àwọn èèyàn ń yà fún wa lọ́nà bí ìgbà tí ọkọ̀ panápaná ń bọ̀. Obìnrin kan tiẹ̀ kí mi pé, “Ìyá ọmọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o.” Èmi! Ìyá ọmọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlẹ̀. Òjò bá dé lórí gbogbo ẹ̀. Mo sá wọ ibi tí mo rí tí ilẹ̀kùn ẹ̀ ṣí, àfi bí mo ṣe wò ó tó tún jẹ́ ilé oúnjẹ. Kékeré ni. Kò sí aṣọ lórí tábìlì, kò sí ẹja, kò sí oníbàárà kankan pẹ̀lú. Alágbàfọ̀ ló wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló là wọ́n. Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí gbìrì-gbìrì, gbìrì-gbìrì, abọ́ ń jó lórí tábìlì, agolo iyọ̀ ń rìn lọ fúnra ẹ̀. Ìyá Olóúnjẹ jáde sí mi, obìnrin gbàǹgbà tó fi tówẹ̀ẹ̀lì kọ́rùn, wọ́n ń pariwo mọ́ mi létí: “Má bínú sí ariwo yẹn o, ọmọ mi! Òun ló lé gbogbo oníbàárà mi lọ! Mo bẹ alágbàfọ̀ títí, kò gbọ́! Báwo ló ṣe máa gbọ́, nínú ariwo?”

Mo fẹ́ dá wọn lóhùn ni mo rí i pé ariwo ẹ̀rọ nìkan ló kù. Igbe ti tán. Alága ti sùn.

Mi ò rí i kó sùn báyẹn rí láti ìgbà tí a ti dé. Ẹnu ẹ̀ ṣí, ó na ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ lẹ́wọ̀n. Ìgbà yẹn ni mo wá rántí ẹ̀rọ ìránṣọ màmá mi. Ṣé ìwọ náà rántí? Gbogbo ìgbà tí wọ́n fi lóyún Alága, ìdí ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n wà. Nígbà tí wọ́n bí i tán, abẹ́ tábìlì ẹ̀rọ ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, wọ́n á máa fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ, òun á máa sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀rọ náà ò gba inú ọkọ̀ tó kó ẹrù wa. Ó wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màmá mi, nínú yàrá ẹ̀yìn kan náà tí wọ́n ń palẹ̀ ẹ̀ mọ́ fún mi. Ọ̀rẹ́ mi, àṣé ibi tó dákẹ́ la ti ń wá kiri gbogbo ìlú fún ọmọ tí wọ́n fi ariwo tọ́! Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ló ń já a láyà!

Wo ìyà. Èmi tí mò ń gbàdúrà kí wọ́n má rí ibì kankan, èmi gan-an ni mo rí i. Ìyá Olóúnjẹ bi mí lórúkọ ọmọ, mo ní Alága là ń pè é. Wọ́n bu oúnjẹ fún mi. Ó gbóná, ó dùn, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo délé, màmá mi ní níbo lòjò bá yín sí? Mo ní abẹ́ òrùlé kan ni. Mi ò parọ́. Òrùlé wà níbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, mi ò sọ̀rọ̀. Onílé ti búra pé plọ́ḿbà máa gbé síńkì dé lọ́jọ́ Ajé, ó ku kí n ṣáà di ẹnu mi mú.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, a wọ ibòmíràn. Kí oúnjẹ tó dé, Alága ti bẹ̀rẹ̀, màmá mi sì ti gbé e jáde bí ìṣe wọn. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí. Bàbá mi á sáré jẹun kí wọ́n lè lọ gbà á, àmọ́ nígbà tí màmá mi bá fi máa wọlé, oúnjẹ tiwọn á ti gan. Mo gbé tiwọn lọ bá wọn níta, nínú ọ̀rá. Wọ́n dúró sábẹ́ òrùlé ṣọ́ọ̀bù kan tó ti tì, wọ́n gbé Alága sí èjìká, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn sì ń tẹ ilẹ̀, ń tẹ ilẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń tẹ ẹ̀rọ. Àwọn fúnra wọn ò mọ̀. Wọ́n jẹ ṣíbí kan, wọ́n wá bi mí bí ẹni ń béèrè kí ni aago wí, pé, “Tó o bá ti padà sílé, ṣé wàá máa wá wò wá tí ẹ bá gba ìsinmi?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí so ẹnu ọ̀rá tí wọ́n ṣì ń jẹun nínú ẹ̀. Wọ́n ní, “Mo ti bá ẹ rán aṣọ ilé-ìwé ẹ níbi tó ya. Ọwọ́ ni mo fi rán an, má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wo ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀ o, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín.”

Wọn ò sunkún. Ì bá sàn kí wọ́n sunkún.

Inú bí mi! Inú bí mi sí Alága, sí plọ́ḿbà, sí bàbá mi tó ń bá ọmọ ta tẹ́tẹ́, sí ara mi. Mo ní, “Màmá mi, ẹ tẹ̀ lé mi.” Wọ́n ní sí ibo? Mo ní, “Ẹ ṣáà máa bọ̀.” Mo fi ọwọ́ pe bàbá mi jáde, tàwọn ti ìrẹsì lẹ́nu.

Àfi bí a ṣe yọ sí ẹnu ọ̀nà tí Ìyá Olóúnjẹ ju tówẹ̀ẹ̀lì sókè. “Alága mi dé! Láti Ọjọ́rú ni mo ti ń wọ̀nà fún ẹ!” Bàbá mi yí ojú sí mi. “Ọjọ́rú?” ni wọ́n wí. Mo tẹjú mọ́ agolo iyọ̀ tó ń rìn lórí tábìlì.

Alága sùn kí a tó jókòó dáadáa. Wọ́n gbé oúnjẹ màmá mi wá, èéfín ń yọ lórí ẹ̀. Màmá mi ń wò ó bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní kí wọ́n bu òmíràn, wọ́n jẹ ìyẹn náà tán, wọ́n fi orí ti ògiri alágbàfọ̀, wọ́n sùn lọ, ṣíbí ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Bàbá mi mú ẹran tó tóbi jù nínú abọ́ wọn, wọ́n gbé e sínú tèmi. Nígbà tí a délé ni wọ́n tó ní, “Ká ní o pa á mọ́ra di ọjọ́ Ajé, ǹ bá mú ẹ wọ bọ́ọ̀sì o.” Mo ní, “Mo mọ̀, bàbá mi.” Wọ́n ní, “Hẹn.” Hẹn yẹn nìkan, Ẹ̀rín-ò-tán, mo gbé e sùn.

Nítorí náà, mi ò bọ̀ mọ́. Bínú sí mi tó bá wù ọ́, èmi náà ń bínú. Má rò pé mo ti fẹ́ràn ìlú yìí o. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Ilé oúnjẹ aláriwo yìí ni mo ti ń kọ lẹ́tà, Alága ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, alágbàfọ̀ ń fọ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì gbogbo ayé, ìyẹn ló fà á tí lẹ́tà mi fi rí wágun-wàgun.

Iṣẹ́ kan ni mo fẹ́ rán ọ. Jọ̀ọ́, lọ bá ẹ̀gbọ́n màmá mi lọ́jọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Sọ fún wọn kí wọ́n má gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn síta nítorí bẹ́ẹ̀dì mi. Bẹ́ẹ̀dì ni kí wọ́n gbé padà. Bọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbé mi bọ̀ lọ́dọ̀ yín, kó gbé ẹ̀rọ náà wá sọ́dọ̀ wa.

Bá mi kí bàbá rẹ, bá mi kí màmá rẹ àti orúnkún wọn. Sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ kó máa wo iwájú. Fọwọ́ pa ajá yín lórí fún mi. Tí o bá sì ń bọ̀ nísinmi, mú òwú dání, kí o lè fi di etí. Ó ku ohun kan: wàá wá, àbí?

Mi ò lè kọ jù báyìí lọ. Alágbàfọ̀ ti pa ẹ̀rọ, Alága sì ti la ojú kan.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ ṣì ni mí, bí ojú mi tiẹ̀ fà ro,
                                        Fajúro.