Òkúta Tí Mo Gbàgbé Láti Kọ Sílẹ̀

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìdí òfì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún ẹ̀yin àti Ìyá mi. Ìwọ Sàfú, àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí fún wọn, má fo ọ̀rọ̀ kankan o!

Ara mi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Òtútù Amẹ́ríkà kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́ Ìsẹ́yìn rárá. Ẹ̀wù mẹ́ta ni mo ń wọ̀ lé ara wọn. Èyí tó dùn mí jù ni pé ènìyàn lè rìn láti àárọ̀ di ọ̀sán kí ẹnikẹ́ni má kí i.

Nígbà tí mo ń bọ̀, ẹ bi mí pé ṣé ìwé kíkọ náà ni wọ́n tún ń lọ kọ́ ní yunifásítì. Bàbá, èyí tí à ń kọ́ níbí ni bí a ṣe ń kọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ kan sílẹ̀, kí àjèjì lè kà á, kó sì ṣe é láìbi ẹnikẹ́ni. Olùkọ́ ní kí kálukú kọ ti iṣẹ́ kan, kí ẹlòmíràn ṣe é lójú gbogbo wa. Ẹni tí tirẹ̀ bá kùnà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ní kó máa lọ sílé.

Kí ni mo tún fẹ́ kọ bí kò ṣe aṣọ híhun? Mo fi pákó ṣe òfì kékeré kan. Mo kọ ojú ewé mẹ́rin, mo fi "ẹ kú iṣẹ́ o" bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ fagi lé ìyẹn. Lìńdà, ọmọ kíláàsì mi, jókòó, ó ń kà á, ó ń ṣe é. Ni òwú bá dẹ̀, ó lọ́ pọ̀. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ojú tì mí gan-an.

Mi ò kọ òkúta! Òkúta tó ń fa òwú le níwájú òfì yín ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó bí mi. Mi ò mọ̀ pé ó yẹ kí ènìyàn dárúkọ rẹ̀. Ẹ kò sọ ọ́ fún mi rí, ẹ ní kí n máa wò ni. Mo bá dijú, mo ń fi ọkàn wo ọwọ́ yín láti ìbẹ̀rẹ̀, mo sì tún gbogbo rẹ̀ kọ.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, Lìńdà tún jókòó. Ó so òkúta mọ́ òwú, ó sì hun aṣọ. Kò bi mí ní nǹkan kan. Mo yege, Bàbá!

Aṣọ náà ló wà nínú lẹ́tà yìí. Kò gùn ju ìka yín lọ, etí rẹ̀ sì wọ́. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín jù: ẹni tó hun ún kò rí yín rí, ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ jẹun ọmọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Mùfútáù