Oòrùn Orí Àjà

                                        Ilé Alájà Kan,
                                        Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, Oṣù Kejì.

Eyínfúnjowó mi ọ̀wọ́n,

Ìyàwó àkọ́bí mi ti bí ọmọbìnrin, tìyá-tọmọ ló wà ní àlàáfíà. Àbíkẹ́yìn wa náà ti gbéyàwó, ọmọ télọ̀ ìsàlẹ̀ ọ̀hún. Ìwọ ńkọ́? Ṣé orúnkún rẹ ti ń gbọ́ràn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ èyí o! Olùkọ́ wa ní kíláàsì àwọn àgbà kò bá mi fọwọ́ kan bírò.

Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ, ọkọ mi, ti ṣubú, ṣe ló nà gbalaja, kò lè yí ọrùn, àjà nìkan ló ń wò. Ojú rẹ̀ kò sì rí ọwọ́ aago mọ́. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ lu agogo ilé-ìwé, kò wá mọ àárọ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán. Á ní, "Aago mélòó ló lù?" Nígbà tó sú àwọn ọmọ, wọ́n ń sọ èyí tó bá wá sí wọn lẹ́nu. Ó fura. Ló bá panu mọ́, kò jẹun, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó fẹ́ fi wá sílẹ̀ ni.

Ọmọ-ọmọ mi tó ń ya àwòrán ilé ló dé. Ọmọ tó mọ nǹkan ni o! Ó fi dígí kékeré kan, kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ, sí etí fèrèsé, ó kọjú rẹ̀ sókè. Oòrùn kan dígí, ó fò sókè, ó bà sórí àjà bí ẹyẹ! Kò dúró síbì kan o, ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìrìn tí oòrùn ń rìn lókè níta, òun náà ló ń rìn nínú yàrá wa.

Bí mo bá ti ka aago fún un, ọmọ náà á gun orí tábìlì, á fi èédú sàmì sára àjà níbi tí ìmọ́lẹ̀ dé. Ó ní àmì kan ṣoṣo kò tó, torí oòrùn kì í gba ọ̀nà kan náà lóṣooṣù. Ìlà gígùn ni aago kọ̀ọ̀kan máa ní, a ó máa fà á lọ títí ọdún á fi yípo.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ìyàwó tuntun wa, tí ara rẹ̀ ṣì ń yá síṣẹ́, nu fèrèsé, ó gbé dígí, ó nù ún, ó dá a padà. Ni ìmọ́lẹ̀ bá kọjá ìlà aago mẹ́wàá nígbà tí aago mẹ́sàn-án ò tíì lù. Ohùn kan bú jáde lórí bẹ́ẹ̀dì: "Ta ló fọwọ́ kan oòrùn mi?"

Ìyàwó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìdọ̀tí ni mo nù."

"Nu ìdọ̀tí, má nu aago!"

Mò ń rẹ́rìn-ín, mò ń sunkún. A ti dá dígí náà padà sáyè rẹ̀, a sì ti fi sìmẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́ báyìí.

Ó ti ń jẹun. Òun ló ń kéde fún gbogbo ilé: "Aago méjìlá ti lù, oúnjẹ mi dà?" Nígbà mìíràn mo máa ń dùbúlẹ̀ tì í, àwa méjèèjì á jọ máa wo ojú ọ̀run tó ń rìn lórí àjà.

Ó ń bèèrè rẹ. Ó ní bí ìmọ́lẹ̀ bá dé ìlà aago mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ náà á ti wọlé. Má jẹ̀ẹ́ kó wò ó lásán. Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, kí o sì bá mi gbá àwọn ìbejì mọ́ra. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ rẹ wà nínú àpò ìwé yìí: ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ.

Èmi tí mo pọ̀n ọ́ dàgbà,
Ìyàwó Alágogo.