Ẹ̀yìn Aṣọ Ni Mo Jókòó Sí

Agbolé wa,
Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀.

Ìfẹ́dayọ̀ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ariwo Èkó ò tíì gba etí lọ́wọ́ rẹ? Èmi ìyá rẹ wà láàyè, orúnkún nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Bí o bá ti ń jí, kí oríire ti jí ṣáájú rẹ.

Fọ́ọ̀mù tí o fi rán awakọ̀ sí mi, pé kí n fọwọ́ sí i kí ilé tí bàbá yín fi sílẹ̀ lè bọ́ sórúkọ rẹ, ó ti dé. Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Ní Sátidé, àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde pé àwọn fẹ́ fi fíìmù òmìnira han gbogbo àdúgbò ní pápá ilé-ìwé, ọ̀fẹ́ ni. Mo wé gèlè aláwọ̀ ewé, mo mú àsíá tí ọmọ Dorcas aládùúgbò wa gbàgbé sílé wa dání. Mo débẹ̀, mi ò rí ẹni tó ń yan. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí wọn, Fisáyọ̀mi, ní òmìnira tí àwọn ń wí ni pé kò sí ilé-iṣẹ́ ńlá tó jẹ́ ọ̀gá àwọn. Mo ní kò burú, Ọlọ́run á bá wọn wá ọ̀gá.

Aṣọ funfun ni wọ́n ta sáàárín òpó méjì. Èrò ti kún iwájú rẹ̀, ni èmi àti Bàbá Bàrákàt, ọ̀rẹ́ bàbá yín, bá gbé àpótí wa lọ sẹ́yìn aṣọ níbi tí atẹ́gùn wà. A sì ń rí gbogbo rẹ̀ kedere. Ìwé tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán nìkan ni ò yé mi, apá ọ̀tún ló ti ń bẹ̀rẹ̀, mo rò pé Lárúbáwá ni, mo ní kí Bàbá Bàrákàt bá mi kà á. Ó wò ó títí, ó ní èyí kì í ṣe èyí tí àáfà kọ́ òun.

Ìfẹ́dayọ̀, ọmọkùnrin kan ló ti Èkó dé nínú fíìmù yẹn, ó mú ìwé ilé wá pé kí bàbá òun fọwọ́ sí i. Ọwọ́ òsì ló fi nà án sí i! Sí bàbá tó bí i lọ́mọ! Mo pariwo pé kó má gbà á o. Àwọn ará iwájú ní kí ìyá yìí jọ̀ọ́ dákẹ́, ọ̀tún ni. Bàbá gbà á, òun náà fi òsì fọwọ́ sí i, fíìmù bá parí. Omi ẹ̀bà téèyàn gbé kaná nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ò tíì ní hó tán. Mo bi Fisáyọ̀mi pé ìyókù ńkọ́, ṣé ọmọ yẹn lé bàbá rẹ̀ jáde ni? Ó ní kò síyókù mọ́ mà, fíìmù kúkúrú ni, àti pé ẹ̀yìn aṣọ tí ẹ jókòó sí ló sọ ọ̀tún dòsì lójú yín. Mo ní ọmọ mi, ẹni tó jókòó síwájú, ohun tí wọ́n fẹ́ kó rí ló rí.

Mo délé, mo yí fọ́ọ̀mù rẹ wò lẹ́yìn. Òfìfo ni, kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mi ò pè ọ́ lọ́mọ burúkú o. Ṣùgbọ́n ọdún méjì rèé tí mo fojú kàn ọ́ gbẹ̀yìn, awakọ̀ tí mi ò mọ̀ rí ló gbé ìwé yìí fún mi, kò tiẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ojú fèrèsé ló ti fi òsì nà án sí mi.

Òjò ti ń wọ yàrá ẹ̀yìn, mo nílò owó páànù. Má gbé e gba báńkì, wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ láti ọjọ́ Ẹtì, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó lọ. Ìwọ fúnra rẹ ni kó o mú un wá. Kó o dé, kó o jẹun, kó o wá mú fọ́ọ̀mù lábẹ́ ìrọ̀rí mi, kó o fọwọ́ ara rẹ nà án sí mi. Ọjọ́ yẹn náà ni màá fọwọ́ sí i.

Ọ̀nà á là fún ọ títí dé ẹnu ilẹ̀kùn mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Fọláṣadé.